Orí Kọkànlá Tí Mo Yọ Nínú Ìwé Bàbá Jakov

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi ní kíláàsì Yorùbá ọjọ́ Sátidé ní Greenspoint nílùú Houston, lọ́jọ́ tí mo gbé ìwé òyìnbó tó ní orúkọ mi lẹ́yìn wá hàn yín, ẹ dákun, ẹ gba àtẹ́wọ́ yín padà. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé e kiri. Ẹ pè mí ní ọmọ tó gbọ́ràn, ẹ ní kí àwọn ọmọ yín máa wò mí kọ́ṣe. Òótọ́ ni, mo gbọ́ràn. Ìgbọràn yẹn gan-an ni mo fi ṣe ibi tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo mọ ara mi: bí mo bá tún bò ó mọ́lẹ̀ lónìí, mi ò ní ní agbára àtiṣí i mọ́.

Fèyísọ́lá ni mo ń jẹ́. Ìyá mi ló kọ́ mi ní gbogbo ìwé tí mo mọ̀, lórí tábìlì ìjẹun nínú apartment wa, torí pé láti kékeré, bí èèyàn bá ti ju mẹ́ta lọ níbì kan, ohùn mi á sá wọlé. Mi ò jókòó ní kíláàsì òyìnbó rí. Ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́ Sátidé nìkan ni mo ti ń bá èrò pé jọ, ẹ̀gbẹ́ fíríìjì ni mo sì máa ń jókòó sí, tí màá máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yín. Mo gbọ́ púpọ̀. Mo rí bí ẹ ṣe ń parí ìjà lẹ́yìn kíláàsì. Bàbá Abdulrasheed, tí a ń lo ilé wọn fún kíláàsì, á jókòó sórí àga wọn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì, ọkọ á dọ̀bálẹ̀, ìyàwó á kọ ẹ̀yìn sí i, kò ní fọhùn. Bàbá á wo obìnrin náà títí, wọ́n á wá sọ fún ọkọ pé, "Dìde ńlẹ̀. Ó ti tán nínú rẹ̀. Ó ti dárí jì ọ́." Obìnrin náà ò tíì la ẹnu o! Gbogbo yín á sì ṣe àmín. Ó tó ìgbà ogún tí mo rí i bẹ́ẹ̀. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: pé bí ìdáríjì bá há sí ẹnì kan lọ́fun, ẹlòmíràn lè bá a sọ ọ́. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sápá kan ná. Mo máa padà wá mú un.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni ìyá mi ń ṣe. Àárọ̀ ni wọ́n ń wa mọ́tò la Houston já láti Greenspoint lọ sí League City, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń bọ̀, ara wọn á ti wó. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé wọn lọ sílé bàbá òyìnbó kan tí ojú wọn ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi á máa tọ́jú wọn, èmi á máa kàwé tèmi ní igun. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá náà gbé orí sókè, wọ́n ní, "Ta ló ń mí níbẹ̀ yẹn?" Ìyá mi ní, "Ọmọ mi ni, sà. Kì í sọ̀rọ̀." Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ń sọ̀rọ̀ jù. Àwa méjèèjì á bára mu." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Mala, tó túmọ̀ sí "kékeré" lédè wọn. Èmi náà ò lè pe àgbàlagbà lórúkọ lásán, bó tilẹ̀ jẹ́ òyìnbó, ni mo bá ń pè wọ́n ní Bàbá Jakov.

Jakov Marušina lorúkọ wọn, ọmọ ìlú kékeré kan létí òkun ní orílẹ̀-èdè Kroéṣíà. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n bá ṣiṣẹ́ dé Houston lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélógún, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọn ò sì padà sínú ọkọ̀ mọ́. Wọ́n fọ abọ́, wọ́n ṣe wẹ́dà, nígbà tó yá wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, tó ń ṣe irin tí wọ́n fi ń ṣí páìpù epo rọ̀bì, tí wọ́n sì fi ń tì í. Nígbà tí Kroéṣíà gba òmìnira, wọ́n padà sílé bí ọlọ́lá. Ará ìlú dìbò fún wọn, wọ́n di mẹ́yọ̀. Láti orí mẹ́yọ̀ wọ́n di aṣòfin. Láti orí aṣòfin ó kù díẹ̀ kí wọ́n di mínísítà. Nígbà tí ìyàwó wọn kú, wọ́n padà sí Houston lọ́dọ̀ Christopher, ọmọ wọn kan ṣoṣo. Wọ́n wá ní àwọn fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn sínú ìwé kí ojú tó kú tán. Wọ́n á máa sọ, èmi á máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Torí pé ọwọ́ mi ò yá, mo tún máa ń fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Orí kìíní dé orí kẹwàá, ẹ̀rín ni ṣáá. Bí ọ̀gá ọkọ̀ ṣe lé wọn kiri etí omi, bí wọ́n ṣe gbàgbé ìyàwó wọn sí ìpàdé òṣèlú, tí obìnrin náà fi ẹsẹ̀ rìn délé, tó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ mẹ́yọ̀ síta.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè kan ni a dé orí kọkànlá. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Mala, èyí ni mo torí ẹ̀ ń kọ ìwé. Èyí tó kù, ata ni mo fi ń sí i." Wọ́n ní ọ̀rẹ́ kan wà tí wọ́n jọ dàgbà, Luka, ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ń di ẹja sínú agolo nílùú wọn. Ọ̀ọ́dúnrún obìnrin ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n gbé Tonka, ọmọ Luka, dání níbi ìrìbọmi. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti di ẹbí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Bàbá Jakov fẹ́ ilẹ̀ ilé iṣẹ́ náà, kí wọ́n kọ́ òtẹ́ẹ̀lì síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí Luka ń sin ìyá rẹ̀, wọ́n gbé ìwé kan lọ bá a. Ìwé náà ní ilé iṣẹ́ ti kú, àti pé òun tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tà á. Luka ò kà á. Ó ní, "Jakov, ẹni tó gbé ọmọ mi dání ni kí n máa yẹ ìwé rẹ̀ wò?" Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó fọwọ́ sí i lórí tábìlì tí búrẹ́dì ìsìnkú wà. Nígbà tí àwọn obìnrin náà tú jáde síta, tí wọ́n ń béèrè ẹni tó ta oúnjẹ ẹnu wọn, mẹ́yọ̀ dúró lórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n gbé ìwé náà sókè, wọ́n ní, "Ẹ wò ó. Ọwọ́ ta nìyí?" Luka wà láàárín èrò. "Ó wò mí, Mala. Ó ń retí kí n sọ èyí tó kù, pé èmi ni mo gbé ìwé náà wá bá a. Mi ò sọ ọ́." Láti ọjọ́ náà, àárọ̀ kan kì í mọ́ kí wọ́n má ju agolo òfìfo sẹ́nu ọ̀nà Luka. Ọdún méje ló fi ń ṣa agolo. Nígbà tó kú, èèyàn mẹ́fà péré ló sin ín.

Ibẹ̀ ni Bàbá Jakov kúrò lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè tiwọn, wọ́n sọ ọ́ díẹ̀, omi sì ń jáde lójú wọn. Mo dáwọ́ dúró. Wọ́n ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀. Kì í ṣe tìẹ." Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Tọ́sìdeè, kí a tó ṣe ohunkóhun, wọ́n á ní, "Ka orí kọkànlá fún mi." Mo kà á títí tí mo fi mọ̀ ọ́n sórí.

Christopher ti lé láàádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ó kọ̀ kí n máa pe òun ní "sà", torí náà "ó" ni màá máa lò fún un níbí. Òun ló fẹ́ sanwó ìtẹ̀wé, ó sì ti ka gbogbo rẹ̀. Ó bá mi ní ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ìyá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó fẹ́ lọ du ipò mẹ́yọ̀ nílùú bàbá rẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì náà sì ṣì jẹ́ tiwọn. "Fèyí, dádì mi ti darúgbó. Ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Yọ orí kan yẹn kúrò, kí o fi ọ̀rọ̀ ayẹyẹ apẹja tó sọ fún ọ dípò rẹ̀. Ta ló máa mọ̀?" Ó wá rọra béèrè pé, "Wọ́n ní o fẹ́ wọ yunifásítì kan ní àdúgbò Third Ward. Ta ni tíṣà tó máa kọ lẹ́tà fún ọ?" Ó mọ̀ pé mi ò ní. Mo ti fi oṣù mẹ́rin wá ẹni tí kì í ṣe ìyá mi, tó lè jẹ́rìí sí mi. Ó ní, "Èmi á kọ ọ́." Mo wolẹ̀, mo ní, "Yes, sir." Ọ̀rọ̀ méjì péré. Mo máa ń ronú pé bí mo bá tilẹ̀ jà díẹ̀, ká ní mo tilẹ̀ sunkún, ì bá sàn. Nínú mọ́tò, lórí freeway, mo sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ìyá mi. Wọ́n ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ tiwọn ni àbí tìẹ? Ọ̀rọ̀ ẹbí ẹlẹ́bí, a kì í dá sí i. Iṣẹ́ mi wà níbẹ̀ o, Fèyí." Mi ò fi ṣe àwáwí. Ìyá mi ò ka orí kọkànlá. Èmi ni mo kà á.

Ìwé jáde. Ìwé náà ni mo gbé wá hàn yín. Lẹ́tà Christopher náà jáde, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Nínú ọdún méjì tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ irọ́ kan lẹ́nu rẹ̀." Yunifásítì gbà mí. Bàbá Jakov gba ìwé tiwọn lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ọwọ́ pa á lára, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní, "Mala, orí kọkànlá." Mo ṣí ìwé náà. Ayẹyẹ apẹja ló wà lójú mi: ẹja yíyan, ìlù, mẹ́yọ̀ tó ń jó. Ẹnu mi sì ń ka Luka, láti orí wá, ọ̀rọ̀ kan ò yẹ̀. Mo tilẹ̀ ń ṣí ojú ewé kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Ẹ rántí èyí nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ pè mí ní ọmọ tó mọ ìwé kà.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n fi ìwé kan ránṣẹ́ sí Àǹtí Tonka, tí wọ́n ṣì ń gbé ìlú náà. Mo fi í ránṣẹ́. Ìwé tí kò ní orúkọ bàbá wọn nínú ni mo dì, tí mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ àdírẹ́sì sí. Bàbá Jakov bẹ̀rẹ̀ sí í retí èsì. "Ṣé lẹ́tà dé?" "Rárá, sà." "Ṣé o wo àpótí lẹ́tà dáadáa?" "Mo wò ó, sà." Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Wọ́n wá ní ó dáa, bí Tonka ò bá dáhùn, àwọn á lọ síbẹ̀. Kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ arọ àwọn gun àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn ìlú, àwọn á fi ẹnu ara àwọn sọ èyí tó kù. Ìyá mi rò pé eré ni. Kì í ṣe eré. Wọ́n ní kí Christopher ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì rà á torí pé dókítà ní kò sí ohun tó ní kí wọ́n má lọ. Ó wá pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ tutù. "Fèyí, bó bá débẹ̀, wọ́n máa sọ fún un pé kò sí nínú ìwé. Ta ló máa sọ pé òun ló ń kà á fún un láti ọjọ́ yìí?"

Ibi tí mò ń bẹ̀rù àtidé nìyí. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n wọ bàálù. Mo wọlé tọ̀ wọ́n lọ́sàn-án, ìwé kan wà lọ́wọ́ mi. Ìwé tó ń bá oògùn ojú wọn wá ni. Mo ní, "Bàbá, lẹ́tà dé." Wọ́n dìde jókòó. Mo ka ìwé oògùn náà báyìí: "Bàbá ìrìbọmi mi, mo ti ka orí kọkànlá. Bàbá mi ì bá fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti tán nínú mi. Mo ti dárí jì yín." Ọ̀rọ̀ Bàbá Abdulrasheed, ẹ gbọ́ ọ, òun ni mo fi kọ lẹ́tà irọ́! Wọ́n yí etí sọ́dọ̀ mi. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n ti mọ̀, ni mo bá fi ọ̀ṣọ́ kún un, igi kan tí mo ti gbọ́ nínú ìtàn wọn: "Igi ọ̀pọ̀tọ́ ẹ̀yìnkùlé bàbá mi ṣì ń so." Bàbá Jakov bú sẹ́kún. "Igi yẹn? Mo rò pé wọ́n ti gé e. Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, Mala." Mo tún un kà, mo ń ṣọ́ra kí irọ́ kejì má yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Nígbà náà kò pọn dandan kí n lọ. Ó ti rẹ̀ mí. Sọ fún Christopher kó dá tíkẹ́ẹ̀tì padà." Mo sọ fún ara mi pé àánú wọn ni mo ṣe. Irọ́ ni. Ara mi ni mo ń gbà sílẹ̀. Ìdáríjì wọn ni mo fi ṣe ìlẹ̀kùn tí mo tì mọ́ wọn. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà wọ́n kú lójú oorun, ìyá mi ní ẹ̀rín wà lójú wọn. Mi ò lè wo ojú náà.

Àpótí lẹ́tà ni mo lọ wò lọ́sẹ̀ tí a sin wọ́n tán, torí pé ó ti di àṣà mi. Lẹ́tà Àǹtí Tonka wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò pọ̀. "Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mò ń wá orúkọ bàbá mi. Kò sí níbẹ̀. Mo rí i pé ẹ jó níbi ayẹyẹ apẹja ní ọdún tí a ń ṣa agolo. Ilé wa, ibi ìgbọ́kọ̀sí òtẹ́ẹ̀lì yín ni báyìí. Kí ló dé tí ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí mi?"

Ní Sátidé mo dúró títí gbogbo yín fi lọ, mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Abdulrasheed. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló ṣe é. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, wọ́n ní, "Ọ̀rẹ́ rẹ yìí, ṣé ẹ̀gbẹ́ fíríìjì mi ló máa ń jókòó sí?" Mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Bàbá, ṣebí bí ẹ ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ẹ máa ń bá wọn sọ pé ó ti tán." Wọ́n ṣí fìlà wọn kúrò lórí, ohun tí mi ò rí rí. Wọ́n ní, "Fèyísọ́lá. Nígbà tí mo bá ń sọ ọ́, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ńkọ́? Ó jókòó síbẹ̀. Ó ń gbọ́ mi. Bí kò bá tán nínú rẹ̀, ó lè ní 'Bàbá, kò tíì tán', màá sì pa ẹnu mi dé. Ṣé Gbémi tí ọkọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ níbí ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́dún tó kọjá, níṣojú rẹ? Ojú rẹ̀ ni mo ń wò kí n tó sọ̀rọ̀. Ìwọ, ojú ta lo wò?" Wọ́n tún ní, "Bí o bá jí ewúrẹ́, o lè fà á padà fún olówó rẹ̀. Ìdáríjì tí o jí yìí, ta lo fẹ́ dá a padà fún?" Wọn ò bú mi. Ó ti rẹ àwọn náà.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sí Àǹtí Tonka lórí ímeèlì tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà wọn, mo fi orí kọkànlá tí mo tẹ̀ tẹ̀lé e, mo fi nọ́ńbà mi sí i. Wọ́n pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín." Wọ́n ní, "Rárá. Ìwọ ti gbẹnu gbogbo wa sọ̀rọ̀ tó. Ṣé ohùn òun fúnra rẹ̀ wà?" Mo ní ó wà. Mo gbé fóònù tí mo fi gba ohùn náà lé tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a fi ń sọ̀rọ̀. Bàbá Jakov bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nínú apartment wa: ìsìnkú, búrẹ́dì, àtẹ̀gùn, agolo. Ìyá mi dáwọ́ dúró níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Ìgbà náà ni wọ́n ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wá dé ibi tí bàbá náà ti kúrò lórí Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbọ́ tí Àǹtí Tonka mí kanlẹ̀. Nígbà tí ohùn náà parí, wọ́n ní, "Dá a padà sí ibẹ̀ yẹn." Mo dá a padà. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mi ò mọ ohun tí Bàbá Jakov sọ níbẹ̀. Mi ò béèrè. Kì í ṣe èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún. Àǹtí Tonka ní kí n fi ohùn náà ránṣẹ́, mo fi í ránṣẹ́, wọ́n sì pa fóònù láì dágbére.

Mo ti lọ sí yunifásítì, mo ti ní kí wọ́n yọ lẹ́tà Christopher kúrò nínú fáìlì mi, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Mi ò tíì mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Christopher náà ti kọ ohun tó kọ sí mi. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tijú bíi tèmi, tí wọ́n ń yìn nítorí pé ẹ kì í jiyàn, ẹ gbọ́: ẹnu tí kò lè sọ "rárá" fún àgbà, ó máa ń lè purọ́ fún àgbà. Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ kan yẹn kí ẹ tó kọ́ èyí tó kù. Ẹ̀yin àgbà mi, mo kúnlẹ̀ níwájú yín torí àtẹ́wọ́ tí mo fi èrú gbà. Ìyẹn, ẹ lè dárí rẹ̀ jì mí, tiyín ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín. Ẹ̀ ń wá fóònù yín báyìí, ẹ fẹ́ bá mi bẹ Àǹtí Tonka. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi bẹ̀ wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má sì wo ojú mi kó ní ó ti tán. Àǹtí Tonka ò sí nínú yàrá yìí, wọn ò gbọ́ wa. Bí ó bá máa tán, ẹnu wọn la ti máa gbọ́ ọ. Títí dìgbà náà, ẹ fi mí sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.